Orúkọ Ọjà àti Àṣírí Ọwọ́: Ohun tí Iṣẹ́ Ọṣẹ Kọ́ Mi ní Kétu

Ọṣẹ dúdú àti òrí ni mò ń ṣe tà ní Kétu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Lọ́wọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, òun náà sì kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ọjà Kétu nìkan la ń ná, kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ. Àwọn tó ń rà á mọ ilé wa, wọ́n sì mọ ẹni tó sè é. Àmọ́ nígbà tí ọṣẹ wa dé Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, ẹni tó ń rà á kò mọ̀ mí rí. Ohun tó fi ń dá tèmi mọ̀ láàárín gbogbo ọṣẹ tó wà lórí àtẹ ni orúkọ àti àwòrán tó wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé apá kan nínú owó tó ń wọlé ti kọjá owó àdín àti owó eérú. Owó orúkọ ni. Ohun tó bá sì ń mówó wọlé, ó yẹ kí oníṣòwò mọ ẹni tó ni ín, kó sì mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe.

Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi gbà pé ọ̀ràn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni èyí. Èmi kò bá wọn gbà á. Ilé iṣẹ́ ńlá ní ẹ̀rọ, ó ní ilẹ̀, ó ní ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ẹnì kan bá jí orúkọ rẹ̀ lò, yóò ṣì rí nǹkan dì mú. Àwa tí a ń fi ìkòkò díẹ̀ ṣiṣẹ́, orúkọ wa àti ohun tí ọwọ́ wa mọ̀ ni gbogbo ọrọ̀ wa. Nítorí náà mo jókòó, mo wo ohun gbogbo tó wà nínú iṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bi ara mi léèrè: ṣé kí n forúkọ èyí sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni, ṣé kí n fi í pamọ́ ni, àbí kí n jẹ́ kó wà fún gbogbo ayé? Ìdáhùn náà yàtọ̀ fún ohun kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń mówó wá yàtọ̀ síra.

Orúkọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, èmi náà sì wo òfin àti ọjà kí n tó sọ ọṣẹ mi lórúkọ. Àwọn ará ilé fẹ́ kí n pè é ní Ọṣẹ Dúdú Kétu. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ òfin kì í fi ọ̀rọ̀ tó kàn ń sọ ohun tí ọjà jẹ́ àti ibi tó ti wá lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Gbogbo obìnrin tó ń se ọṣẹ dúdú ní Kétu ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́ sára ọṣẹ rẹ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wá dábàá Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ó ní kí n ya ojú ère sára páálí ọṣẹ, pé àwọn àlejò yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni pé òkìkí rẹ̀ ti kàn: UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún àjùmọ̀ní ọmọ ènìyàn ní 2008 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Kétu sì ni ọ̀pọ̀ ìtàn ti ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ń sọ ibi tó ti ṣẹ̀. Mo ronú lé e lórí dáadáa kí n tó ní rárá. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ti àwọn ìyá wa, ti gbogbo ìlú ni. N kò rí ọ̀nà tí màá gbà dìde láàárín ìlú pé èmi nìkan ni mo ni ín lára ọṣẹ. Ojú oníṣòwò ni mo sì tún fi wò ó. Ìwé UNESCO kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹlòmíràn dúró. Ẹni tó wà ní Kútọnu tàbí ní Paris lè ya ojú ère náà sára ọṣẹ tirẹ̀ lọ́la, kí n má sì rí nǹkan kan wí. Orúkọ tí gbogbo ayé lè lò kò lè ya ọjà mi sọ́tọ̀.

Oríkì ìyá tó bí ìyá mi ni mo mú níkẹyìn, mo sì so ọ̀rọ̀ kan mọ́ ọn tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọṣẹ. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, nítorí n kò wá polówó.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, OAPI, àjọ tí orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Áfíríkà jọ ní fún irú ẹ̀tọ́ yìí, ló ń forúkọ ọjà sílẹ̀. Yaoundé ní Kamẹrúùnù ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, ọ́fíìsì tó ń bá a gba ìwé sì wà ní Kútọnu. Àdéhùn Bangui ti 1977 ló gbé e kalẹ̀, lórí ìpìlẹ̀ èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ní Libreville ní 1962. Wọ́n tún un ṣe ní 1999, wọ́n sì tún un ṣe ní Bamako ní 2015. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ìwé kan ṣoṣo ló dúró fún orílẹ̀-èdè 17. Ẹni tó bá gbà á ní Bẹ̀nẹ̀ ti gbà á ní Tógò, ní Niger, ní Burkina Faso, ní Senegal, títí dé Gabon. Fún oníṣòwò kékeré, àǹfààní ńlá nìyẹn. Ewu rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀: ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ni òfin sábà máa ń mọ̀. Bí ẹnì kan ní Lomé bá ṣáájú mi dé ọ́fíìsì pẹ̀lú orúkọ tí mò ń ná láti ọjọ́ pípẹ́, èmi ni yóò kù sídìí ẹjọ́.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àwọn ti ní nọ́ńbà RCCM, pé orúkọ ti di tàwọn. Ìwé tí ìjọba fi mọ̀ pé ilé iṣẹ́ rẹ wà nìyẹn. Kò sọ pé ẹlòmíràn kò lè fi orúkọ kan náà pe ọṣẹ rẹ̀. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí gan-an, torí mo ti rí àwọn tó fi ọkàn balẹ̀ sórí ìwé tí kò lè gbà wọ́n.

Bí a bá ń kọ ìwé náà, a ó sọ irú ọjà tí a fẹ́ fi orúkọ náà tà. Wọ́n ti pín ọjà àti iṣẹ́ gbogbo sí ìsọ̀rí 45. Ọṣẹ àti òrí ìpara wà ní ìsọ̀rí 3, òrí tí a fi ń sebẹ̀ wà ní 29. Mo gba méjèèjì, nítorí mo ti mọ̀ pé òrí jíjẹ wà nínú ohun tí a fẹ́ ṣe. N kò gba 4, níbi tí àbẹ́là wà, bí ẹni tó ń bá mi kọ ìwé tilẹ̀ rò pé kí n gbà á mọ́ ọn. Orúkọ tí a bá gbà tí a kò lò fún ọdún 5 lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni bí ẹlòmíràn bá lọ béèrè fún un. Owó tí a bá ná sórí ìsọ̀rí tí a kò ní ṣòwò nínú rẹ̀, a ti sọ ọ́ nù. Ọdún 10 ni ìwé náà ń gbé, a sì lè tún un gbà léraléra. Ọmọ mi obìnrin ló mọ ọjọ́ tí tiwa máa parí. Ó ti wà nínú fóònù rẹ̀ àti nínú ìwé gbèsè tí mo fi há ara ògiri.

Lẹ́yìn orúkọ, àwòrán. Ọmọkùnrin ayàwòrán kan ní Àjàṣẹ́ ló bá mi ya àmì tó wà lára páálí, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo sanwó tán, mo fún un ní ìwé kan pé kó fọwọ́ sí i. Ẹnu yà á.

“Ìyá, ṣebí ẹ ti sanwó. Kí ni ìwé tún fẹ́ ṣe?”

Mo ní kó jókòó. Mo ṣàlàyé fún un pé owó tí mo san jẹ́ owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ òǹṣẹ̀dá ti orílẹ̀-èdè wa, èyí tó jáde ní 2006, fi àwòrán náà sọ́wọ́ ẹni tó yà á láti ìgbà tó ti yà á, àní bí kò tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Bí n kò bá gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìwé, a jẹ́ pé mò ń tẹ ohun tí kì í ṣe tèmi sára ọjà mi. Mo fi owó kún owó rẹ̀ nítorí ẹ̀tọ́ tó fẹ́ fún mi. Ìwé náà sọ ibi tí màá ti lo àwòrán náà, ó sọ iye ọdún, ó sì sọ pé òun ṣì ni ẹni tó yà á, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á tán, ó fọwọ́ sí i, ó sì béèrè bóyá òun lè gba ẹ̀dà kan kí òun máa fi hàn àwọn oníbàárà òun yòókù. Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn ju àwòrán náà lọ.

Bákan náà ni mo ṣe ojú ìwé Facebook wa àti nọ́ńbà tí a ń gba ọjà lórí rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ṣí i, àmọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ ló wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi.

Bí a ṣe ń se ọṣẹ dúdú kì í ṣe àṣírí, kò sì yẹ kó jẹ́ àṣírí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kó wá. Ohun tí ó jẹ́ tiwa ni ewé àti èèpo kan tí ìyá mi máa ń fi sí i, ìgbà tó ń fi í sí i, àti bó ṣe ń ṣe é tí ọṣẹ náà kì í fi í ta ojú awọ ọmọdé. Wọ́n ti sọ fún mi pé kí n lọ gba ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ lé e lórí. Ọdún 20 ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbé ní OAPI, kí wọ́n tó fún ọ ni ìwọ yóò sì ṣàlàyé ohun náà yékéyéké sínú ìwé tí gbogbo ayé lè kà. Lẹ́yìn 20, ó di ti gbogbo ayé. Ìyá ìyá mi ti ń lò ó kí wọ́n tó bí mi. Èé ṣe tí màá fi tà á fún ọdún 20?

Òfin náà ń dáàbò bo àṣírí iṣẹ́, àmọ́ àfi bí ẹni tó ni ín bá ti sapá láti pa á mọ́ lóòótọ́. Nítorí náà, àwọn tó ń se eérú kò sí níbi tí a ti ń po ewé. Èmi àti àbúrò mi obìnrin là ń po ó nílé, a ń lọ̀ ọ́ kúnná kó tó dé ibi ìkòkò. Gbogbo ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ló fọwọ́ sí ìwé pé ohun tí òun bá rí níbẹ̀ kò ní jáde, mo sì ka ìwé náà sí wọn létí ní èdè wa, nítorí Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìwé tí ẹni tó fọwọ́ sí i kò gbọ́ yé kò lè so ó, lójú tèmi.

Ẹ̀rọ tí a fi ń gé ọṣẹ ni èyí tí a fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé, àríyànjiyàn sì wà lórí rẹ̀ nínú ilé. Àbúrò ọkọ mi, tó jẹ́ ajórin, ló ṣe é: ó fi okùn wáyà sínú férémù irin, ẹ̀ẹ̀kan tí a bá tì í wálẹ̀, ọṣẹ á gé dọ́gbadọ́gba. OAPI ní ìwé fún irú ìhùmọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀, èyí tó ń gbé ọdún 10. Èmi ni mo fẹ́ kó gbà á.

“Aya wa,” ó ní, “ohun tí gbogbo ajórin lè wò lẹ́ẹ̀kan kó ṣe irú rẹ̀, ta ni yóò máa bá mi mú wọn ní Pọ́bẹ̀ àti Sàkété?”

“Ọkọ mi, ìwé yóò bá yín mú wọn.”

“Ìwé kì í wọ mọ́tò. Owó tí màá fi gba ìwé náà, ẹ jẹ́ kí n fi ra irin. Kí wọ́n tó ṣe irú rẹ̀, màá ti tà tó, àwọn tó bá sì rà á lọ́wọ́ mi ni màá máa bá tún un ṣe.”

Ó tọ̀nà. Owó tó ń wọlé fún un wá láti inú títún ẹ̀rọ ṣe àti láti inú ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn obìnrin ní nínú rẹ̀, ìwé kò sì lè fi kún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe ni kó fi irin gbígbóná tẹ orúkọ rẹ̀ sára gbogbo èyí tó bá ṣe.

Kò pẹ́ tí ayédèrú fi dé. Mo rí oríṣi méjì, n kò sì fi ọwọ́ kan náà mú wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti oníṣòwò ńlá kan tó lọ tẹ páálí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ tiwa tán. Ọṣẹ tó wà nínú rẹ̀ ń bó awọ. Èyí kò ṣeé fojú fò, nítorí àwọn ìyá ọmọ yóò rò pé ọṣẹ mi ló bó awọ ọmọ wọn. Mo ra díẹ̀, mo gba rìsíìtì, mo pè bélífù kó wá kọ ohun tó rí sílẹ̀, agbẹjọ́rò sì fi ìwé ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí OAPI nínú. Wọ́n kó páálí náà kúrò lọ́jà. Ọ̀ràn náà kò dé ilé ẹjọ́.

Ọ̀kan kejì jẹ́ ìyá kan tó ń tajà lọ́jà Pọ́bẹ̀. Òun náà ń se ọṣẹ, ó sì dára. Ó kọ orúkọ wa sí i nítorí orúkọ náà ni àwọn èèyàn ń béèrè. Agbẹjọ́rò fẹ́ kọ̀wé sí òun náà. Mo ní kó dúró. Mo lọ bá ìyá náà fúnra mi, mo kúnlẹ̀ kí i, torí àgbà ni, mo sì fi ìwé hàn án. Mo bi í bóyá yóò fẹ́ máa ta tiwa ní Pọ́bẹ̀, kó sì fi orúkọ tirẹ̀ sára tirẹ̀. Òun ló ń ta ọjà wa jù ní gbogbo agbègbè náà báyìí. Ìwé ẹ̀rí tí mo mú lọ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa ní ìdí. Bí kò bá sí, ẹ̀bẹ̀ lásán ni ǹ bá máa bẹ̀. Àmọ́ owó agbẹjọ́rò tí n kò san wà lápò mi, mo sì jèrè ẹni tó mọ ọjà.

Òrí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn jù. Ìhà Ṣábẹ̀ẹ́ ni igi ẹ̀mí wà, àwọn obìnrin ibẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n ṣe, èmi kò lè ṣe é dáadáa tó wọn. Mo lè máa ra òrí lọ́wọ́ wọn ní owó pọ́ọ́kú kí n máa rọ ọ́ sínú ike mi. Ohun tí a ṣe ni pé ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ ń ṣe é, wọ́n ń rọ ọ́, wọ́n sì ń fi orúkọ wa tà á, nínú ìwé àṣẹ tí a jọ fọwọ́ sí. Wọ́n ń san ìwọ̀nba owó lórí ike kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ní ojúṣe: mo ń wá wo bí wọ́n ṣe ń yan hóró, bí wọ́n ṣe ń sun ún, bí omi ṣe mọ́ tó. Orúkọ tí a bá fi fún ẹlòmíràn láìmójú tó ohun tó ń fi í tà yóò bàjẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Mo sì rí i dájú pé wọ́n kọ àṣẹ náà sínú ìwé OAPI, nítorí bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tí kò bá wa ṣe àdéhùn lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Mo ti bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà sọ ọ́ pé orúkọ mi kò yẹ kó jẹ́ òpin fún wọn. Òrí Ṣábẹ̀ẹ́ lè ní orúkọ tirẹ̀ lábẹ́ òfin, tó máa jẹ́ ti gbogbo àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀. Ata Penja ní Kamẹrúùnù gba irú rẹ̀ ní 2013. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó pain de sucre ti pẹpẹ ilẹ̀ Allada, nílé wa níbí, gbà á ní 2021. Ìwé náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Ó ń béèrè pé kí àwọn tó ń ṣe é kó ara wọn jọ, kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sílẹ̀, kí wọ́n sì gbà kí wọ́n máa yẹ ara wọn wò. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni, ìjà sì máa ń wà lórí ibi tí ààlà yóò dé. Bí wọ́n bá gbà á, wọn kò ní nílò orúkọ mi mọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń bá wọn wá a.

Oníṣòwò kan láti Lomé wá fẹ́ máa tajà wa ní Tógò, òun nìkan. Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé òun yóò bá mi forúkọ ọjà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Mo fi ìwé hàn án pé ó ti wà. Mo mọ ìtàn àwọn Nana Benz, àwọn obìnrin oníṣòwò aṣọ, dáadáa: ẹ̀tọ́ láti nìkan ta irú àwòrán aṣọ kan wà lára ohun tó sọ àwọn ìyá wọ̀nyẹn di olówó ní Lomé, nítorí náà n kò bínú pé ó béèrè. Mo fún un, àmọ́ fún àkókò kan, pẹ̀lú iye tó gbọ́dọ̀ tà, pẹ̀lú gbólóhùn pé kò ní forúkọ ohunkóhun tó jọ tiwa sílẹ̀ níbikíbi, àti pé gbogbo páálí tó bá kù lọ́wọ́ rẹ̀ yóò padà sọ́dọ̀ wa bí àdéhùn bá parí.

Òfin OHADA, òfin òwò tí orílẹ̀-èdè wa àti àwọn mìíràn ní Áfíríkà jọ ń lò, tún gbà láti 2010 kí a fi irú ohun ìní yìí dógò láti yá owó. Mo ti béèrè ní báǹkì. Wọ́n fẹ́ rí iye tí orúkọ náà ń mú wá lọ́tọ̀, nítorí náà a ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun tó ń gbà mí lọ́kàn jù lọ báyìí ni ìhà ìlà oòrùn. Nàìjíríà kò sí nínú OAPI. Ìwé mi dúró ní Chad, níbi tí n kò mọ ẹnì kan, kò sì dúró ní Mẹ̀kọ, níbi tí àwọn ìbátan ìyá mi wà. Oríkì tí mo fi sọ ọjà náà lórúkọ, Mẹ̀kọ àti Abẹ́òkúta ni yóò ti dùn jù létí èèyàn, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó bá fẹ́ gbà á yóò ti rí i gbà ní ìrọ̀rùn jù. Abuja ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 7 ni ìwé náà kọ́kọ́ ń gbé, lẹ́yìn náà ọdún 14 ní gbogbo ìgbà tí a bá tún un gbà. Kí a tó kó ọjà púpọ̀ gba Ìlárá kọjá, mo ní kí agbẹjọ́rò kan níbẹ̀ yẹ ìwé wọn wò. Kò sí ẹni tó ni orúkọ náà ní ìsọ̀rí 3, a sì ti fi ìwé tiwa sílẹ̀. Ìsọ̀rí 29 ni mo ṣì ń rò. Àwọn oníbàárà mi lọ́hùn-ún kò tíì máa ra òrí jíjẹ, owó ìwé náà sì lè ra àgbá àdín kan. Màá bá ìyá Pọ́bẹ̀ sọ ọ́ ná. Òun ló ń tajà fún àwọn ará Nàìjíríà jù nínú gbogbo wa.